Wọ́n pè wá sí Samoa: kí la máa wọ̀, kí la máa mú dání?

Ìyá Ìbejì Auckland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Obìnrin Samoa kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbí. Ọdún kẹta rèé, a ti di ẹbí. Ìyá rẹ̀ máa pé ọgọ́rin ọdún nínú oṣù Kejìlá, abúlé wọn ní Savai'i, erékùṣù kan ní Samoa, ni wọ́n sì ti fẹ́ ṣe é. Ó ní dandan ni ká wá: èmi, bàálé mi, àti Táyé òun Kẹ́hìndé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì la máa sùn o, ilé wọn ni. Mo bi í pé kí ni ká mú dání, ó ní "ẹ ṣáà ti máa bọ̀". Ẹ̀yin náà mọ ohun tírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń túmọ̀ sí lẹ́nu ọmọlúàbí. Kí la máa wọ̀? Kí la máa gbé lọ? Kí la ò gbọdọ̀ dán wò?

Akin Brisbane

Ẹ kú oríire. Kẹ́ ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i pé Samoa tiyín lẹ rà á sí, torí méjì ni wọ́n. Tiyín ni èyí tí Apia jẹ́ olú ìlú rẹ̀, tó gbòmìnira lọ́wọ́ New Zealand ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1962. Western Samoa ni wọ́n ń pè é títí di 1997. Èkejì ni American Samoa, abẹ́ Amẹ́ríkà ló wà, Pago Pago ni olú ìlú rẹ̀, dọ́là ni wọ́n ń ná, òfin ìwọ̀lú rẹ̀ sì dá dúró. Owó tala ni wọ́n ń ná nínú tiyín.

Ọkọ̀ òfuurufú láti Auckland ò tó wákàtí mẹ́rin. Faleolo ni wọ́n máa já yín sí, ní erékùṣù Upolu. Ẹ má wulẹ̀ wọ Apia bó bá jẹ́ Savai'i lẹ ń lọ tààrà, torí Mulifanua tẹ́ ẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi kò jìnnà sí pápákọ̀ náà. Salelologa lẹ máa gúnlẹ̀ sí. Lásìkò Kérésì, gbogbo ọmọ Samoa tó wà lókè òkun ló ń wọlé, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ gbé mọ́tò gun ọkọ̀ ojú omi, ẹ tètè gba ààyè sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ẹ yẹ físà yín wò bóyá ó gbà yín láyè láti padà wọ New Zealand. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń há o.

Ẹ ò ní láti yí ọwọ́ aago bí ẹ bá fẹ́ máa pe màmá nílé. Wákàtí méjìlá géérégé ló wà láàárín Samoa àti Nàìjíríà: aago méje àárọ̀ n'Íbàdàn, aago méje alẹ́ lọ́hùn-ún.

Dèjì Mushin

Ẹ̀gbọ́n Akin, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti jí ọjọ́ kan gbé níbẹ̀ rí?

Akin Brisbane

Wọ́n fò ó ni. Lọ́dún 2011, wọ́n sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, wọ́n jí, Àbámẹ́ta ọjọ́ 31 ni wọ́n bá. Kò sí Ẹtì lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ajé ló fà á: Australia àti New Zealand ni wọ́n ń bá ṣòwò jù, bí àwọn yẹn bá sì wà ní ọjọ́ Ajé, Àìkú ṣì ni ní Samoa. Lọ́dún 1892 ni wọ́n ti kọ́kọ́ yí i sápá Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje méjì lọ́dún náà. American Samoa ò tẹ̀ lé wọn ní 2011. Bí èèyàn bá fò láti Apia lọ Pago Pago, kò tó wákàtí kan lójú òfuurufú, àmọ́ àná ló máa bá níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ìyá Ìbejì, ọkàn yín balẹ̀. Puletasi ni aṣọ iyì àwọn obìnrin wọn, kò sì sí ohun tó fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bùbá àti ìró: ẹ̀wù lókè, aṣọ gígùn nísàlẹ̀, àǹkárá kan náà láti ọrùn dé kókósẹ̀. Mo wọ àǹkárá tèmi lọ sí ìgbéyàwó kan ní Upolu, àwọn ìyá méjì yí mi ká, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń bi mí pé erékùṣù wo ni wọ́n ti ń rán irú puletasi yìí.

Ní abúlé, ẹ má jẹ́ kí orúnkún yín hàn. Ṣòkòtò péńpé, ẹ fi sílé. Lavalava, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń ró mọ́dìí, tọkùnrin tobìnrin ló ń ró o. Bàálé yín náà lè ra ọ̀kan ní ọjà Apia tàbí Salelologa. Èyí tó ní àpò, tí wọ́n ń pè ní 'ie faitaga, ni àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá abúlé, ẹ wọ ẹ̀wù àti lavalava wọ inú omi. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó ṣí ara sílẹ̀, ẹ fi dúró de ìgbà tẹ́ ẹ bá wà ní òtẹ́ẹ̀lì.

Lọ́jọ́ Àìkú, funfun. Àwọn ìyá á dé fìlà funfun fífẹ̀. Gèlè náà lọ, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má wé e débi tí ẹni tó wà lẹ́yìn ò ti ní rí pásítọ̀ mọ́. Mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Bàbá Olùkọ́

Mo fi ọdún méjì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Upolu, ẹ jẹ́ n sọ èyí tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó lọ. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ mi gan-an ló kọ́kọ́ dójú tì mí níbẹ̀.

Wọ́n mú mi lọ kí matai kan, ìyẹn olóyè tó jẹ́ olórí ẹbí. Fale ni ilé wọn, kò ní ògiri: òpó yí i ká, òrùlé wà lórí, ẹní wà nílẹ̀. Bàbá náà ti fẹ̀yìn ti òpó kan. Èmi ọmọ Yorùbá, mo bọ́ bàtà, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo dìde, mo káwọ́ sẹ́yìn, mo wá dúró kí wọ́n tó ní kí n jókòó. Gbogbo ilé dákẹ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́, ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi: "Jókòó! Jókòó kíá!" Lójú wọn, ẹni tó bá dúró nígbà tí àgbà wà nílẹ̀ ti gbé orí rẹ̀ ga ju ti àgbà. Èmi rò pé mò ń bọ̀wọ̀, wọ́n sì rò pé mò ń yájú.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti bọ́ bàtà wọlé, ẹ jókòó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ ká ẹsẹ̀ kò. Ẹ má na àtẹ́lẹsẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì sáré lọ fẹ̀yìn ti òpó tó bá wù yín, torí òpó kọ̀ọ̀kan ló lẹ́ni tó ni ín bí oyè ṣe tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àyè hàn yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá níwájú àwọn tó jókòó, ẹ tẹ orí ba, kẹ́ ẹ máa wí pé "tulou, tulou" bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, bí àwa ṣe máa ń ké àgò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan.

Èyí tó kù á mọ́ yín lára. Bí a ṣe ní "o" àti "ẹ", àwọn náà ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni ọ̀wọ̀. "Sau" ni wọ́n ń sọ fún ọmọdé pé kó wá. Ti olóyè yàtọ̀, "afio mai" tàbí "susu mai" ni tirẹ̀. Agbẹnusọ olóyè, tulafale, bó bá ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, ọ̀pá á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ á sì wà lórí èjìká rẹ̀. Okùn àgbọn ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, kì í ṣe irù ẹṣin. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ṣe mí bíi pé kí n bú sẹ́kún, ilé ń sọ mí.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi 'ava kí bàálé yín káàbọ̀. Gbòǹgbò igi kan ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á pò ó mómi nínú ọpọ́n onígi ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, wọ́n á sì bù ú fúnni nínú igbá àgbọn. Kó ta díẹ̀ sílẹ̀, kó wí pé "manuia", kó tó mu ún. Àwọn tó kù á dáhùn pé "soifua". Kì í ṣe ọtí. Adùn rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi fọ iṣu, ahọ́n á sì kú díẹ̀. Kó má fajú ro.

Dèjì Mushin

Bàbá, èmi tí n kò lè ká ẹsẹ̀ kò jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ńkọ́?

Bàbá Olùkọ́

Ọmọ mi, èmi náà ò lè ṣe é. Fa ẹní tàbí lavalava bo ẹsẹ̀ náà kó o tó nà á. Bí wọn ò bá rí i, kò burú. Àwọn àgbà wọn pàápàá ń ṣe é.

Ṣadé Òkè-Àdó

Ẹ má gbàgbé sa. Ní ìrọ̀lẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́fà sí méje, gbogbo abúlé ń wọlé lọ gbàdúrà ẹbí. Agogo á dún, tàbí kí wọ́n fọn ìkarahun òkun ńlá. Ti àkọ́kọ́, ẹ lọ sílé. Ti èkejì, àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta, ó ti parí. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà láàárín ìyẹn, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má rìn.

Èmi ò mọ̀. Mò ń rìn lọ, bisikíìtì wà lọ́wọ́ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ró lavalava aláwọ̀ kan náà tò sẹ́bàá títì, bí aṣọ́lùú. Ọ̀kan nawọ́ sí mi, kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ọwọ́ tọ́ka sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí àdúrà ká mọ́ níta bí tèmi rọ́ sápá kan lórí òkúta, mo jókòó tì í. Láti inú fale mẹ́ta mẹ́rin ni orin ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ilé kọ̀ọ̀kan lórin tirẹ̀, kò sì sí ògiri tó máa dí i. Bó ṣe parí, ìyá náà gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú àpò mi. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé wọn ò fẹ́ràn kéèyàn máa jẹun rìn kiri abúlé. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má fọṣọ, ẹ má lọ gbá bọ́ọ̀lù. Abúlé mìíràn ò tiẹ̀ gbà kéèyàn wẹ̀ lódò lọ́jọ́ náà. Lára ọ̀rọ̀ tó wà lára àmì orílẹ̀-èdè wọn ni pé orí Ọlọ́run la fìdí Samoa sọlẹ̀, wọn ò sì fi ṣeré.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Wellington

Ẹ̀bùn ńkọ́? Èmi á ní kẹ́ ẹ gbé aṣọ òkè fún ìyá náà, odindi, pẹ̀lú gèlè àti ìpèlé. Ọgọ́rin ọdún kì í ṣe eré.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Aṣọ òkè dáa, àmọ́ kò tó. Ará Savai'i kò ní fi aṣọ òkè se ọbẹ̀. Ohun tí mo rí tí gbogbo àlejò ń gbé wọlé ni páálí ẹja inú agolo àti ẹran màlúù inú agolo tí wọ́n ń pè ní pisupo. Orúkọ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀: ọbẹ̀ ẹ̀wà tútù tí àwọn òyìnbó ń pè ní "pea soup" ló kọ́kọ́ dé inú agolo, ni wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ pe ohun gbogbo tó wà nínú agolo, títí ó fi di ti ẹran màlúù. Ní Salelologa lẹ ti máa rà á, ẹ má fi ru ẹrù wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ fi owó sínú àpòòwé pẹ̀lú, kí bàálé yín fi lé olórí ẹbí lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Ẹ múra àpòòwé mìíràn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n lè ka orúkọ àti iye tí ẹbí kọ̀ọ̀kan dá sétí gbogbo ìjọ. Ẹni tó bá ti jókòó síbi ìkórè ní ìjọ yín kò ní bẹ̀rù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Wellington

Mo gbà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àpòòwé yẹn. Ẹrù ẹbí wọ́n lára púpọ̀. Fa'alavelave ni wọ́n ń pe àwọn nǹkan bí òkú, ìgbéyàwó àti oyè, gbogbo ọmọ tó wà lókè òkun ló sì gbọ́dọ̀ dá sí i. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa gba owó èlé kó lè dá tirẹ̀ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá fi owó ńlá sílẹ̀, ọ̀rẹ́ yín lè máa rò pé òun gbọ́dọ̀ dá irú rẹ̀ padà fún yín. Ẹ ṣe é níwọ̀nba.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Mi ò jiyàn.

Ẹ má tíì lọ o: ẹ má gbé ẹja gbígbẹ, ẹ̀gúsí, ògìrì tàbí èso kankan kọjá láìfi han àwọn aṣọ́bodè. Ti New Zealand le koko nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà, owó ìtanràn wọn kì í ṣe kékeré. Ẹní híhun náà, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Akin Brisbane

Nípa oúnjẹ: lẹ́yìn ìsìn Àìkú ni to'ona'i, oúnjẹ ọ̀sán tí gbogbo ẹbí ń jẹ pa pọ̀. Inú umu, orí òkúta gbígbóná tí wọ́n fi ewé bò, ni wọ́n ti ń sè é láti àfẹ̀mọ́jú, àwọn ọkùnrin ló sì ń sè é. Kókò ni, ẹja ni, ẹlẹ́dẹ̀ ni, àti èso tí òyìnbó ń pè ní breadfruit, tí àwọn ará Ifẹ̀ ń pè ní jálókè. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni palusami: ewé kókò tútù tí wọ́n fi wé wàrà àgbọn, tí wọ́n sì sè é títí á fi rọ̀ bí ọ̀ọ́lẹ̀.

Àlejò àti àgbà ló máa kọ́kọ́ jẹun, àwọn ọ̀dọ́ á máa fẹ́ eṣinṣin fún yín. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kù ni àwọn yẹn máa jẹ, nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀ lẹ ti máa la àwo.

Ṣadé Òkè-Àdó

Nǹkan mélòó kan kí n tó gbàgbé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo odò tàbí etíkun, abúlé kan ló ni ín, wọ́n á gba owó díẹ̀. Ẹ san án. Ajá pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ dá rìn. Ẹ ó rí ibojì tí wọ́n kọ́ dáadáa níwájú ilé. Àwa tí bàbá wa àgbà sùn sínú yàrá, ìyẹn ò yà wá lẹ́nu, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Táyé fò lé e lórí, kódà bí ẹ bá rí ọmọ ilé tó jókòó sórí ẹ̀. Tiwọn ni.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ rántí sọ fún wọn pé ìbejì làwọn ọmọ yín, masaga ni wọ́n ń pè é. Inú wọn á dùn. Ìbejì ló mú fínfín ara wá sí Samoa nínú ìtàn wọn: Taema àti Tilafaiga, obìnrin méjì tó wẹ̀ láti Fiji, tí wọ́n gbé irinṣẹ́ ìfínra dání. Orin tí wọ́n ń kọ bọ̀ ni pé obìnrin ni kí wọ́n máa fín, kì í ṣe ọkùnrin. Wọ́n wá mòòkùn lọ mú ìkarahun kan nísàlẹ̀ òkun, ìgbà tí wọ́n yọrí síta, orin ti yí lẹ́nu wọn: ọkùnrin ni kí wọ́n máa fín. Pe'a, tí ọkùnrin ń fín láti ìbàdí dé orúnkún, irora tirẹ̀ ju ilà kíkọ lọ. Ẹni tó bá ní in, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má yà á ní fọ́tò láìtọrọ.

Dèjì Mushin

Bí mo bá wá ṣẹ̀ wọ́n pátápátá ńkọ́, Bàbá? Ìdọ̀bálẹ̀ ò ṣiṣẹ́.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ̀ṣẹ̀ àlejò, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá láàárín ẹbí àti ẹbí, ifoga ni. Olórí ẹbí tó ṣẹ̀ á mú àwọn èèyàn rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á fi ẹní àtàtà, 'ie toga, bo orí. Wọn ò ní kúrò níbẹ̀, bí òjò ń rọ̀ bí oòrùn ń ràn, títí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á fi jáde wá ṣí ẹní náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Jacinda Ardern tó jẹ́ olórí ìjọba New Zealand nígbà náà jókòó sábẹ́ irú ẹní bẹ́ẹ̀ ní Auckland, nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń tọrọ àforíjì nítorí bí ọlọ́pàá ṣe máa ń já wọ ilé àwọn ará erékùṣù ní ìdájí láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ yín lè ti gbé ní àdúgbò tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fẹ̀sọ̀ bi í.

Ìyá Ìbejì Auckland

Ẹ kú ìdúró mi, a ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tó fi wá ṣe ìtàn, àyàfi bàálé mi tó mu 'ava tó sì sọ pé "àṣẹ" dípò "manuia". Gbogbo ilé dáhùn "soifua" bẹ́ẹ̀ náà.

Mo ti kọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé pé kí wọ́n jókòó bí wọ́n bá ti wọlé. Wọ́n jókòó lóòótọ́. Wọ́n wá ti ibi tí wọ́n jókòó sí dojú bolẹ̀, wọ́n kí ìyá náà ní ìdọ̀bálẹ̀. Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Kò sí àlejò tó wọlé lẹ́yìn ìyẹn tí kò ní kí wọ́n tún un ṣe fún.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń náwó! Ọmọ ọmọ ìyá náà bọ́ síta lọ́jọ́ ayẹyẹ, ó dé adé oníyẹ́, ó ń fi ọwọ́ jó jẹ́jẹ́, àwọn èèyàn sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn lára, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wò mí. Ta ló máa kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìyẹn? Tala tá a ṣẹ́ kù fún ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ló san owó tá a fi padà.

Wọ́n ti ní ká padà wá fún Lotu Tamaiti, ìsìn àwọn ọmọdé, Àìkú kejì oṣù Kẹwàá. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà á sì máa gbé e fún wọn. Kẹ́hìndé ti ń ka oṣù. Ẹni tó bá mọ bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń wọ́n tàbí dínwó lásìkò yẹn, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí.